Ọwọ́ Màmá Lábẹ́ Ìwé

Lẹ́bàá odò Natisone,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì, ọdún 2018

Fiorenza ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Derek ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé òtútù ọ̀dọ̀ yín ti dín kù? Tiwa kò tíì lọ. Etí odò ti dì, orúnkún mi sì ń ráhùn ní gbogbo ọjọ́ bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé n kò gbé fóònù. Má pè mí lórí fóònù mọ́. Dirce, aládùúgbò mi tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, sọ pé bí kóòtù bá ti dá sí ọ̀rọ̀ èèyàn, wọ́n á máa tẹ́tí sí gbogbo ohun tó bá sọ. Lẹ́tà ni ká máa kọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣí lẹ́tà arúgbó wò.

Ilé-iṣẹ́ àga bàbá rẹ ti kógbá sílé. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ó ti kúrò lọ́kàn mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ni kóòtù tì í pa, wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì, wọ́n sì yan obìnrin kan láti máa bójú tó ohun tó kù. Ọmọdébìnrin ni lójú tèmi. Ó wá síbí, mo gbé kọfí fún un, kò mu ún. Ó ní ẹ̀rọ ìgé-igi mẹ́rin tó dára jù ti kúrò nílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó wó, pé wọ́n ti tà wọ́n lọ́pọ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún. Ó ń béèrè ẹni tó pinnu bẹ́ẹ̀.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí báńkì kò fẹ́ rí orúkọ Gildo ẹ̀gbọ́n rẹ nítorí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó ṣí tó sì wọlẹ̀, lọ́yà Trevisut ní kí wọ́n fi orúkọ mi ṣe olùdarí. Ṣé èmi nìkan ni? Ìyá Dirce gan-an darí ilé-iṣẹ́ ọ̀dà fún ọdún mọ́kànlá, ó kú láì mọ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Orí igi, ẹni tó kàn yá ilé-iṣẹ́ ní orúkọ lásán, ni wọ́n ń pe irú wa níbí. Gildo á kó ìwé wá ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, kí n tó kó àwo kúrò nílẹ̀. "Màmá, ẹ fọwọ́ síbí. Ẹ tún fọwọ́ síbí. Èyí tó ṣófo yìí náà, mo máa kọ nǹkan sí i tó bá yá." Mo máa nu ọwọ́ mi, mo máa fọwọ́ sí i. Ṣé ìyá á máa yẹ ìwé ọmọ rẹ̀ wò bí ọlọ́pàá ẹnubodè ni?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé, n kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Dirce ló gbà mí. Ó ní, "Onorina, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ báyìí?" Mo ní mọ́kànléláàádọ́rin. Ó pàtẹ́wọ́. "Ó tán! Wọn kì í kó ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lọ sẹ́wọ̀n ní Ìtálì yìí. Wọ́n á ní kó o jókòó sílé ni. Níbo lo ti ń jókòó láti ọjọ́ tí orúnkún ti dá ẹ dúró?" Mo rẹ́rìn-ín, Fiorenza. Ó ti pẹ́.

Mo wá lọ bá obìnrin yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní èmi ni mo rò ó, èmi ni mo pinnu rẹ̀, pé Gildo ò mọ nǹkan kan, igi ló mọ̀ ọ́n gé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Gildo ní ọmọ méjì tó ń lọ sílé ìwé. Èmi ní orúnkún méjì.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá pè ọ́, má bá a jà. Kí o sì jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nínú mi: o kò wá ní Kérésìmesì, o kò wá ní ọjọ́ àwọn òkú. Èmi nìkan ni mo gbé òdòdó gun òkè lọ sí ibojì bàbá rẹ. N kò bá ọ jà o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ìyá rẹ,
Onorina


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú orúnkún. Derek ní kí n kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà yín dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé ni ìwé yín mìíràn ti wà lórí tábìlì mi. Mísísì Pryce ọ̀gá mi ló gbé e wá. Ó ju fáìlì náà síwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Fiorenza, tìẹ nìyí. Ará Ìtálì, àga, olè. Wàá gbádùn ẹ̀." Alábòójútó tí kò mu kọfí yín yẹn ń lépa ẹ̀rọ mẹ́rin náà dé kóòtù ibí. Gbogbo ìwé gbọ́dọ̀ di Gẹ̀ẹ́sì kí adájọ́ tó lè kà á. Nínú gbogbo ọ́fíìsì atúmọ̀ èdè tó wà ní ìlú yìí, tiwa ni wọ́n gbé e wá.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní ilé wa, obìnrin kì í ju orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba bó bá tiẹ̀ bí ọmọ mẹ́wàá. Pascolat lẹ jẹ́ nínú fáìlì. Níbí, Hallam, orúkọ Derek, ni wọ́n mọ̀ mí sí. Kò sí okùn kankan tí ojú Gẹ̀ẹ́sì lè rí láàárín wa.

Mo ń tú u lọ, mo ń ṣe bí ẹni pé ìyá ẹlòmíì ni. Mo dé ojú ewé kẹtàdínlógún, ìwé ìpàdé ilé-iṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Lónìí, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2016, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́, olùdarí, Onorina Pascolat, tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, pinnu láti ta ẹ̀rọ mẹ́rin." Lábẹ́ rẹ̀ ni ọwọ́ yín, pẹ̀lú lẹ́tà P tó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn yẹn. Nínú ìjẹ́wọ́ tí ẹ ṣe ní oṣù tó kọjá, ẹ tún un sọ: ọjọ́ yẹn, aago yẹn, ọ́fíìsì yẹn.

Ọwọ́ mi dúró ní "tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀".

Màmá, níbo lẹ wà ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún yẹn? Ọ̀dọ̀ mi lẹ wà, ní ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹ̀yin lẹ gbé Alba, ọmọ mi tí kò dúró, nígbà tí n kò lè wò ó. Aago mẹ́ta ni àlùfáà ọsibítù wá súre fún un. Mo rántí, torí aago ara ògiri yẹn nìkan ni mo tẹjú mọ́.

Ìwé òfìfo ọjọ́ Àìkú ni Gildo kọ ọjọ́ sí. Kò tilẹ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Fiorenza


Lẹ́bàá odò Natisone,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Fiorenza,

Mo jókòó kí n tó kà á bí o ṣe ní kí n ṣe. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Nínú gbogbo ayé, ìwọ ni wọ́n gbé e fún. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ bi Ọlọ́run pé kí ni mo ṣe fún un. Dirce rí ojú mi nígbà tí mo ń bọ̀, ó ní, "Ṣé ẹnì kan kú ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dà bíi pé ìwọ ni." Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ rẹ ni láti gbé ohun tí èèyàn sọ láti èdè kan sí èkejì, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lo ṣàlàyé fún bàbá rẹ nígbà tí o fẹ́ lọ, tó ń béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Mo sọ pé èmi ni. Tú u pé èmi ni. Wọn kò ní kí o yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá òótọ́ ni.

Má dárúkọ ọjọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni. N kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, o mọ̀. Mi ò fẹ́ kó wọ kóòtù.

O bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ. O lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lọ, Gildo dúró. Nígbà tí bàbá rẹ kò lè gbé apá ọ̀tún mọ́, ta ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀? Ta ló ń gé igi ìdáná mi? Ìwọ ń fi káàdì ránṣẹ́, káàdì tó dára gan-an, mo to gbogbo wọn sórí àdògán. Ìyàwó rẹ̀ Loretta ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀ láti oṣù Kìíní. Bí wọ́n bá mú Gildo, àwọn ọmọ yẹn á máa gbọ́ ọ ní ilé ìwé lójoojúmọ́: ọmọ olè. Mo mọ bí àwọn ọmọ abúlé yìí ṣe ń ṣe, èmi ni mo bí méjì nínú wọn.

Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀sùn mi ní Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé ó burú létí? Bí ọ̀rọ̀ méjì bá wà, ọ̀kan líle, ọ̀kan rírọ̀, ṣé o kò lè mú èyí tó rọ̀ fún ìyá rẹ?

Onorina


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Màmá,

Ẹ kú ìrora ọkàn. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ béèrè orúkọ ẹ̀sùn yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ti ń bá a wọ̀jà. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ méjì péré ni, bancarotta fraudolenta, ó sì ti kó gbogbo rẹ̀ sínú: pé olùdarí gbé ẹrù ilé-iṣẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó má bàa bá nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì kò ní àpò kan tó gba gbogbo ìyẹn. Wọ́n ní èyí tó rọ̀, tí ń sọ pé olùdarí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ bó ti yẹ. Ẹni náà á dá ohun tó gbé padà, wọn ò ní jẹ́ kó darí ilé-iṣẹ́ mọ́, ó tán. Wọ́n sì ní èyí tó le, tí í ṣe jìbìtì, tó ń gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Bí mo bá mú èyí tó rọ̀, mo tan adájọ́ jẹ. Bí mo bá mú èyí tó le, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ̀daràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Èyí tó le ló tọ̀nà, Màmá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo fáìlì náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, àmọ́ tó jẹ́ òun ló ń rà, òun ló ń tà, òun ló ń pàṣẹ. Òfin wa mọ̀ ọ́n, òfin ibí náà mọ̀ ọ́n, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. N kò ṣí ìwé atúmọ̀ kankan láti tú u. Gildo ni.

Òótọ́ ni Dirce sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Bóyá wọn ò ní gbé yín lọ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, ohun ìní yín ni wọ́n á fi dí ohun tó sọnù. Ilé yẹn nìkan lẹ ní. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó sílé, wọ́n á sì gba ilé náà. Ilé wo lẹ máa wá jókòó sí?

Ó yẹ kí n ti dá fáìlì yìí padà lọ́jọ́ tó dé. Ọmọ kì í tú ìwé ẹjọ́ ìyá rẹ̀. Bí Mísísì Pryce bá mọ̀, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Mo dì í mú torí pé bí mo bá dá a padà, ẹlòmíì á tú u tán láàárín ọjọ́ méjì, kò sì ní dúró rárá ní "tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀".

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ fi wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún wà nínú ìwé àdúrà yín. Mo ti rí i, ẹ fi ń sàmì sí ibi tí ẹ bá kà dé. Àlọ àti àbọ̀ ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ yín. Ẹ gbé e lọ fún alábòójútó náà. Tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwé pélébé yẹn lè gba ilé bàbá sílẹ̀. Oṣù yìí ló pé ọdún méjì tí Alba lọ. Ẹ jẹ́ kó ṣe nǹkan kan fún ìyá ìyá rẹ̀.

Mo ń retí.

Fiorenza


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin

Màmá,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, n kò rí lẹ́tà. Mo pe fóònù, ẹ kò gbé e. Mo pe Dirce, ó ní ẹ wà láàyè, pé ẹ̀ ń gbá iwájú ilé bí ẹni tí inú ń bí, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí nítorí àwọn ọlọ́pàá.

Wọ́n gbé ìyókù fáìlì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé Gildo wà nínú rẹ̀, ohun tí òun náà sọ níwájú alábòójútó. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún yín. Mo ti ṣẹ̀ kọjá ibi tí ẹ̀tọ́ wà.

Ó ní: "Ìyá mi ló ń pinnu ohun gbogbo. Obìnrin líle ni, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Èmi, igi nìkan ni mo mọ̀."

Ẹ máa ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé. Tiyín, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìíní. Tirẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án.

Mo ti tú gbogbo rẹ̀ tán. Ọjọ́ ti pé, n kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ yín tí mo lè fi dá a dúró. Lánàá ni mo fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo búra pé ohun tí Ìtálì sọ ni Gẹ̀ẹ́sì sọ. Mísísì Pryce kà á, ó ní, "Èyí ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ tó o ti ṣe." Òótọ́ ló sọ. Kò sí àmì ìdánudúró kan tó yẹ̀. Kò sì sí ọ̀rọ̀ òótọ́ kan nínú rẹ̀.

Fiorenza


Lẹ́bàá odò Natisone,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún

Fiorenza ọmọ mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé o ń jẹun?

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá mo fi àgbàdo ro polenta, mo ra gubana, àkàrà dídùn oníhóró tí Gildo fẹ́ràn. Ó wá ní òun nìkan. Ó jẹun dáadáa. Kò kó ìwé kankan wá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ń wá nǹkan tó máa ṣe lẹ́yìn oúnjẹ.

Mo ní, "Gildo, ọjọ́ wo lo lọ bá obìnrin yẹn?"

"Obìnrin wo, Màmá?"

"Èyí tí kì í mu kọfí."

Ó ń gé gubana. "Háà, ó ti pẹ́. Oṣù Kìíní. Mi ò rántí ọjọ́ náà."

"Ọjọ́ kẹsàn-án ni."

Ọ̀bẹ dúró. "Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi, ọjọ́ kejìlélógún ni mo lọ. O ti gbé mi fún wọn kí n tó gbé ara mi wá."

O mọ bó ṣe máa ń wo èèyàn, bíi bàbá rẹ gan-an. Kò bínú. Kò tijú pàápàá. Ó ní, "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ máa gbà. Àbí ẹ ò gbà ni?"

Òótọ́ ni. Mo gbà. Ó jẹ gubana rẹ̀ tán, ó gé igi ìdáná ọ̀sẹ̀ méjì fún mi, ó tò ó sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó lọ. Igi náà wà níbẹ̀. Mi ò tíì lè fọwọ́ kàn án.

Àwọn èèyàn kóòtù wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kọ ohun tó wà nínú ilé sílẹ̀. Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ àga méje tí bàbá rẹ fọwọ́ gbẹ́ fún ìgbéyàwó wa. Ìkẹjọ, èyí tó kọ́kọ́ gbẹ́ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ọ̀kan nínú wọn mì í, ó ní kò níye lórí. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí kọ èyí. Dirce sọ pé kí n wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn òun. Ó ní, "Wọ́n ní kó o jókòó sílé, wọn ò sọ pé ilé ta." Ó rò pé màá rẹ́rìn-ín. Ó wá bú sẹ́kún, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti sun ún. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, kí lẹ́tà tí o fi sọ ọjọ́ tí Gildo lọ fún mi tó dé, nígbà tí mo ṣì rò pé ẹ̀bùn ni mò ń fún ọmọ mi. Mo jù ú sínú àdògán, ó jó kí n tó pa ilẹ̀kùn dé. Bí mo bá ti mọ̀, ṣé n kò ní sun ún? Má bi mí. Mo ti bi ara mi títí, èsì tí mo ń rí ń dẹ́rù bà mí.

O búra, o sì ṣe iṣẹ́ rẹ. N kò bínú sí ọ. Èyí tó le ló tọ̀nà, o wí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà ọ́ gbọ́.

Ohun kan ṣì wà tí n kò sun. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí o kọjú sí ògiri, tí àlùfáà súre tán, ó mú káàdì kan jáde. Wọ́n ti tẹ ẹsẹ̀ Alba méjèèjì sí i pẹ̀lú yíǹkì, kò gùn tó àtàǹpàkò mi. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ náà, aago mẹ́ta ọ̀sán. Àlùfáà ní ó ku ẹlẹ́rìí. Derek ò lè di bírò mú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. O kò fẹ́ rí káàdì náà, nítorí náà mo mú un wá sílé, n kò sì sọ fún ọ.

Àwọn èèyàn kóòtù ò rí i. Ó wà lábẹ́ ìjókòó àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú yìí, mo fi ìṣó kéékèèké mẹ́rin kàn án mọ́ ọn. Bí o bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí tí o ń wá, ìwọ ni ìyá rẹ̀, n kò lè dí ọ lọ́wọ́. Bí o bá sì fẹ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí màá fi kú, mo bẹ̀ ọ́ ni.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, n kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ nínú gbogbo ìwé tí mo ti fọwọ́ sí láyé mi, òun nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Onorina Pascolat